Bí a ṣe ń ya àwòrán ilé-iṣẹ́ àti ọjà tí oníbàárà yóò lè lò

Ayàwòrán tí ilé-iṣẹ́ bá pè láti wá ya ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ tàbí ọjà wọn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwòrán náà ní iṣẹ́ tí yóò ṣe lẹ́yìn tí òun bá ti lọ. Wọn yóò fi sínú ìròyìn ọdọọdún, ìwé ìpolówó ọjà tàbí ojú òpó wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí fún àwọn tó dáwó lé iṣẹ́ náà pé iṣẹ́ ń tẹ̀síwájú. Àwòrán tó wu ojú ṣùgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ kò lè gbé jáde kò tó owó tí wọ́n san. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń sọ àwòrán di aláìwúlò ni ènìyàn lè dènà kí ó tó yọ kámẹ́rà nínú àpò, ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí yóò fi pẹ́ díẹ̀ lórí ìmúrasílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Kí ẹ tó dá iye owó, ẹ béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ lo àwòrán náà sí, iye ọdún tí wọ́n fẹ́ fi lò ó, àti bóyá àwọn mìíràn, irú bí alágbàtà wọn, yóò lò ó pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó ya àwòrán ni òfin kà sí ẹni tó ni ín, àyàfi bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, tàbí bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Àṣẹ láti lò ó ni oníbàárà ń rà, àṣẹ náà sì lè gbòòrò tàbí kí ó mọ níwọ̀n. Àwòrán tí wọn yóò gbé kọ́ etí títì kí gbogbo ayé lè rí i kò yẹ kí ó jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú èyí tí òṣìṣẹ́ wọn nìkan yóò rí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iye àwòrán, ọjọ́ tí ẹ ó kó o fún wọn, àsansílẹ̀, àti ẹni tí yóò ru owó ọjọ́ náà bí ẹ̀rọ wọn bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti dé. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, òun náà ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tọwọ́ bọ ìwé pé ẹ kò ní tú àṣírí wọn, ẹ kà á yékéyéké, kí ẹ sì béèrè ohun tí kò gbọ́dọ̀ hàn rárá, yálà ojú kọ̀ǹpútà ni, tàbí pátákó tí wọ́n ń kọ iye ọjà sí, tàbí páálí tí orúkọ oníbàárà wọn wà lára rẹ̀.

Ẹ lọ wo ibẹ̀ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, ní wákàtí tí ẹ fẹ́ fi yàwòrán gan-an, nítorí oòrùn tó ń gba fèrèsé òkè wọlé ní àárọ̀ lè ti kúrò níbẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ni kí ẹ bi léèrè ju ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì lọ: wọ́n mọ ìgbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ní kíkún, ìgbà tí wọ́n ń pa á fún àtúnṣe, wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, àti ẹ̀gbẹ́ tí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ti hàn kedere jù. Ẹ wo ibi tí ẹ ti lè rí iná mànàmáná fà, ibi tí ẹ lè dúró sí láì dí ọkọ̀ akẹ́rù lọ́nà, àti bóyá ilẹ̀ ń gbọ̀n. Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ ńlá ń mì máa ń ba àwòrán jẹ́ bí kámẹ́rà tilẹ̀ wà lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, fíláàṣì tàbí ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó sì ń pa dé láti gba ìmọ́lẹ̀) tó yára nìkan ni yóò sì gbà yín níbẹ̀. Láti inú ìbẹ̀wò yìí ni ẹ ó ti kọ àkójọ àwòrán tí ẹ fẹ́ yà, kí oníbàárà sì fọwọ́ sí i.

Ètò ààbò ni yóò sọ irinṣẹ́ tí ẹ lè gbé wọlé. Akoto, bàtà tí irin wà níwájú rẹ̀, awò ojú, ohun ìdí etí àti ẹ̀wù tó ń tàn yanran ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń béèrè. Ẹ ra tiyín, kí ẹ má baà máa fi akoto tí kò bá orí yín mu ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Okùn kámẹ́rà tó ń fì lọ́rùn kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí. Níbi tí gáàsì, oru epo tàbí eruku tó lè gbiná bá wà nínú afẹ́fẹ́, fíláàṣì, bátìrì àti fóònù pàápàá lè ta iná pàrà kí ó sì di ìbúgbàù. Ẹ má ṣe fi ojú ara yín díwọ̀n èyí. Ìwé àṣẹ láti ọwọ́ ẹni tó ń bójú tó ààbò ni yóò sọ bóyá kámẹ́rà lè wọ ibẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná, nítorí fíláàṣì lè tan àwọn kan nínú wọn jẹ, kí agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kí gbogbo iṣẹ́ sì dúró. Níbi tí àwọn wẹ́dà bá ti ń jó irin pọ̀, ẹ má ṣe wò wọ́n láti inú ihò kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ ojú tààrà; ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì jìnnà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo rò pé iṣẹ́ yìí ti yàtọ̀ pátápátá sí yíya àwòrán ayẹyẹ. Ẹ fojú inú wo òṣìṣẹ́ kan tó dúró ti ẹ̀rọ tí ń gé irin. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i dáadáa, ìrísí rẹ̀ fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ti awò ojú rẹ̀ sókè sí iwájú orí, apá ẹ̀wù rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀ láì ní bọ́tìnì, ìdè akoto rẹ̀ sì ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n. Ilé-iṣẹ́ náà kò ní gbé àwòrán yẹn jáde láéláé, nítorí ẹ̀rí ni yóò jẹ́ lọ́wọ́ ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ adójútòfò pé wọn kò tẹ̀lé òfin ara wọn. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ wo ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ilẹ̀ bóyá epo dà sí i tàbí okùn iná nà gbalaja lójú ọ̀nà, kí ẹ sì wo bóyá ìdérí tó yẹ kí ó bo ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí wà ní ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bójú tó ààbò dúró tì yín, kí ó máa wo àwòrán bí ẹ ṣe ń yà á. Ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ tí ojú rẹ̀ hàn, kí ẹ sì rántí pé iṣẹ́ oojọ́ wọn ni ẹ dá dúró: ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má sì ṣe máa pàṣẹ fún wọn.

Ìmọ́lẹ̀ inú ilé-iṣẹ́ kì í sábà ti ibì kan wá. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5500 Kelvin, ìwọ̀n tí a fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, iná sodium àtijọ́ wà ní nǹkan bí 2000, àwọn iná onígọ̀ọ́rọ́ (fluorescent) sì máa ń ní àwọ̀ ewé tí ojú kì í rí ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà kì í gbójú fò. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé nínú àwòrán kan, bí ẹ bá tún ọ̀kan ṣe, ẹ ti ba méjì yòókù jẹ́. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni kí a pa àwọn iná tí a lè pa, kí a wá fi ike aláwọ̀ bo fíláàṣì kí ó lè bá iná tó kù dọ́gba, bí àpẹẹrẹ ike àwọ̀ ewé fún iná onígọ̀ọ́rọ́, kí a sì tún àwọ̀ gbogbo àwòrán ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ya páálí àwọ̀ eérú kan níbi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè fi tún àwọ̀ ṣe, kí ẹ sì máa ya RAW, irú fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Ọ̀rọ̀ bí iná ṣe ń ṣẹ́jú náà tún wà: níbi tí iná mànàmáná bá ti jẹ́ 50 Hz (ó ń yípo ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ iná ń pọ̀ ó sì ń dín ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, níbi tó bá ti jẹ́ 60 Hz, ìgbà 120 ni. Ṣọ́tà tó yára jù yóò fi ìlà dúdú sí ojú àwòrán. Ṣọ́tà 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú àáyá ló bá àkọ́kọ́ mu, 1/60 tàbí 1/120 ló bá èkejì mu.

Ẹ̀rọ tó ń yí tí ẹ fi ṣọ́tà 1/1000 mú yóò dà bí ẹ̀rọ tó kú. Ẹ gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ lo bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá (1/4), kí òṣìṣẹ́ náà dúró láì mira. Ìyípo ẹ̀rọ yóò hàn, ojú ènìyàn yóò sì mọ́.

Irin yíyọ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí Margaret Bourke-White, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, wọ ilé-iṣẹ́ Otis Steel ní Cleveland ní ìparí àwọn ọdún 1920, fíìmù ìgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ pupa tí irin náà ń tàn, iná magnesium ni wọ́n ní láti tàn kí àwòrán tó jáde. Òdì kejì ni ìṣòro tiwa: kámẹ́rà ń rí irin náà ju bó ti yẹ lọ, yóò di funfun báláú, àyíká rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ láti ara irin náà, kí ẹ wá fi fíláàṣì gbé ojú àwọn òṣìṣẹ́ yọ díẹ̀, bí ẹni tó ń bójú tó ààbò bá gbà á láyè.

Ní ìta, Bernd àti Hilla Becher, tọkọtaya ará Jámánì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ya àwọn ilé gogoro omi àti iléeru ìyọ́rin, máa ń yan ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run kí òjìji má baà gé ara ilé náà. Ọ̀nà yẹn dára fún àkọsílẹ̀. Fún ìpolówó, oníbàárà sábà máa ń fẹ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iná ilé-iṣẹ́ ti tàn tí ojú ọ̀run kò tíì dúdú tán, àkókò náà sì kúrú, ẹ ti gbọ́dọ̀ to gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí ó tó dé.

Nínú ilé ìyàwòrán, ọjà onírin dídán ló ń dán sùúrù wò jù. Irin bẹ́ẹ̀ dà bí dígí, ohun tó wà láyìíká rẹ̀ ni ó ń fi hàn. Ẹ gbé páìpù irin dídán kan kalẹ̀, kí ẹ tan fíláàṣì kékeré kan sí i: ẹ ó rí àmì funfun tín-ín-rín tó ń ta lójú, ara rẹ̀ yòókù yóò ṣú, ẹ ó sì rí ara yín àti kámẹ́rà nínú rẹ̀. Ẹ wá na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gùn ju páìpù náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tan fíláàṣì láti ẹ̀yìn aṣọ náà. Àmì tín-ín-rín yẹn yóò di ìlà funfun gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fi páálí dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ìlà dúdú kan yóò ya etí páìpù náà kúrò lára ẹ̀yìn rẹ̀, ojú yóò sì mọ̀ pé róbótó ni ó rí. Igun tí ìmọ́lẹ̀ fi kan ojú dídán ni ó fi ń padà. Nítorí náà, ẹ dúró níbi tí kámẹ́rà wà, kí ẹ wá ohun tí irin náà “ń wò”, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀. Fílítà polarizer, tó ń gé ìmọ́lẹ̀ tó ń padà lára omi, dígí àti ọ̀dà, kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún irin tí a kò kùn, àyàfi bí ẹ bá fi irú rẹ̀ bo iná pẹ̀lú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú kí ìka yín má baà hàn lára ọjà, kí ẹ sì nu eruku kúrò kí ẹ tó yà á, torí iṣẹ́ náà pọ̀ gan-an bí ó bá di orí kọ̀ǹpútà. Láàárín f/8 sí f/11 ni ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì ti ń mú nǹkan ṣe kedere jù (nọ́ńbà f ni ìwọ̀n ihò lẹ́ǹsì; bí ó bá ṣe ń ga sí i ni ihò náà ń kéré sí i). Bí ẹ bá kọjá f/16, àwòrán kò ní mú kedere bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí ẹ tó kó irinṣẹ́, ẹ pe aṣojú oníbàárà kí ó wo àkójọ àwòrán yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé A4 tí wọn yóò tẹ̀ ní 300 dpi (àmì 300 nínú ínṣì kan) nílò píksẹ́lì 2480 ní ìbú àti 3508 ní gígùn. Fún íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fún wọn ní JPEG kékeré nínú sRGB, ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ojú kọ̀ǹpútà ń lò, lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé èyí tí kò yẹ lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀rọ, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ àti ọjọ́ sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn oníbàárà máa ń padà wá béèrè àwòrán ẹ̀rọ tí wọ́n ti tà, orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é sì ni wọn yóò fi béèrè rẹ̀.