Àṣìṣe aago Patriot ní Dhahran: bí ẹ ṣe lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1991, nígbà ogun Kuwait, mísáìlì Scud kan tí Ìráàkì yìn já lu bárékè àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Dhahran, ní Saudi Arabia. Ènìyàn 28 kú. Ẹ̀rọ Patriot tí wọ́n gbé síbẹ̀ láti dènà irú mísáìlì bẹ́ẹ̀ wà ní títàn, ṣùgbọ́n kò yin ohunkóhun. Aago inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ṣì í lọ́nà. Ìṣirò tó fi èyí hàn kò sì ju agbára ọmọ girama tó mọ béèsì 2 lọ.

Iye àṣeyọrí ni wọ́n fi ń polówó ohun ìjà. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé ó kàn ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan gbọ́dọ̀ lè tún iye náà ṣírò, kó sì mọ ohun tí wọ́n kà kí wọ́n tó rí i. Patriot dára fún irú ìdánwò yìí nítorí pé GAO, iléeṣẹ́ tó ń bá Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, tẹ ìjábọ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1992, pẹ̀lú iye tó tó láti fi yẹ iṣẹ́ yín wò.

Ẹ nílò ìwé, bírò, àti ẹ̀rọ ìṣirò tó lè fi nọ́ńbà mẹ́wàá hàn lẹ́ẹ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà tó ní Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) bá wà, iṣẹ́ á yá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe é, kí ẹ lè mọ̀ bí kọ̀ǹpútà bá ṣì yín lọ́nà.

Bí aago náà ṣe ń ka àkókò

Láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan Patriot, ó ń ka ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá: 1, 2, 3, lọ bẹ́ẹ̀. Odidi nọ́ńbà ni, kò sí àṣìṣe nínú kíkà náà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ sọ iye yẹn di ìṣẹ́jú àáyá, torí ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.1. Àyè bíìtì 24 péré (bíìtì kan gba 0 tàbí 1 kan) ló wà fún 0.1 yìí, 23 nínú rẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn àmì ìdá.

0.1 kò ní òpin ní béèsì 2. Ẹ dán an wò. Ẹ fi 2 sọ 0.1 di púpọ̀, ẹ kọ odidi tó bá jáde sílẹ̀ (0 tàbí 1), ẹ mú ìyókù, ẹ tún fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀. 0.2, ẹ kọ 0. 0.4, ẹ kọ 0. 0.8, ẹ kọ 0. 1.6, ẹ kọ 1, ó ku 0.6. 1.2, ẹ kọ 1, ó ku 0.2. A ti padà sí 0.2, nítorí náà ohun kan náà ni yóò máa yí po títí láé:

0.0001100110011001100110011...

Kọ̀ǹpútà Patriot gé e kúrò lẹ́yìn bíìtì 23. Kò fà á sí èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ. Gígé ló gé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í.

Ìṣirò àṣìṣe náà

2 ní ọ̀nà 23 jẹ́ 8,388,608. Bí ẹ bá fi 10 pín in, ẹ ó rí 838,860.8. Gé 0.8 kúrò, 838,860 ló kù. Nítorí náà, ohun tí Patriot ń lò dípò 0.1 ni 838,860 lórí 8,388,608. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti 0.1 tòótọ́ jẹ́ 0.8 lórí 8,388,608, èyí tí í ṣe 1 lórí 10,485,760 gan-an. Ní désímà, ó tó 0.000000095 ìṣẹ́jú àáyá. Ta ni yóò wo irú iye bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?

Aago náà ń lù ní ìgbà 36,000 ní wákàtí kan. Ẹ fi 10,485,760 pín 36,000: 0.0034. Ẹ̀rọ ti Dhahran ti wà ní títàn fún wákàtí tó lé ní 100 láìsinmi. Ìlù 3,600,000 nìyẹn, bí a bá sì pín in, ó di 0.3433 ìṣẹ́jú àáyá.

Bí ẹ bá fẹ́ Python:

```
from fractions import Fraction
idamewaa = Fraction(2**23 // 10, 2**23)
asise = Fraction(1, 10) - idamewaa
print(asise)
for w in (1, 8, 20, 48, 72, 100):
    print(w, float(asise * w * 36000))
```

Ìlà tí kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ tẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ 1/10485760. Lẹ́yìn wákàtí 8, 0.0275 ló gbọ́dọ̀ jáde; lẹ́yìn 20, 0.0687, lẹ́yìn 48, 0.1648, lẹ́yìn 72, 0.2472.

Kí ẹ lè mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí lójú ọ̀run, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú eré tí Scud ń sá. Tábìlì inú ìjábọ̀ GAO sọ pé ibi tí rédà ń wò fi mítà 55 yẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 8, mítà 137 lẹ́yìn 20, mítà 687 lẹ́yìn 100. Ẹ fi 0.3433 pín 687, ẹ ó rí i pé eré tí wọ́n lò súnmọ́ mítà 2,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, ìjábọ̀ kan náà sọ níbòmíràn pé Scud ń sá eré máìlì 3,750 ní wákàtí kan, mítà 1,676 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn á fún yín ní mítà 575, kì í ṣe 687. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí iye méjèèjì káàkiri. Àṣìṣe aago kò yí padà. Eré tí oníkálùkù yàn ló yàtọ̀.

Bí iye yín bá yàtọ̀ sí 0.3433

Bí 0.1287 bá jáde lẹ́yìn wákàtí 100, bíìtì 24 lẹ ti lò lẹ́yìn àmì ìdá dípò 23. Bí 0.0858 bá jáde, fífà lẹ fà á sí èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ (838,861), ẹ kò gé e. Àwọn tó bá lo float32 (nọ́ńbà oníbíìtì 32) nínú numpy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún Python, máa ń rí nǹkan bíi 0.0054, àṣìṣe náà á sì dojú kọ òdìkejì, torí 0.1 ti float32 fi díẹ̀ tóbi ju 0.1 tòótọ́ lọ. Bí ẹ bá sì kàn kọ 0.1 lásán sínú Python, àṣìṣe náà á kéré débi pé ẹ ó rò pé irọ́ ni ìtàn yìí. Bíìtì 53 ni Python ń lò fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti díjú gan-an

Ọ̀pọ̀ àlàyé parí sí 0.3433, wọ́n á sì ní aago ló lọ́ra. Kò tíì tó. Patriot kò nílò láti mọ aago mélòó ló lù. Ohun tó nílò ni ìyàtọ̀ àárín ìgbà méjì. Bí ìgbà méjèèjì bá ní àṣìṣe kan náà, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, àṣìṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ fi èyí kún kóòdù yín:

```
a = 3600000
b = a + 10
print(float((b - a) * idamewaa))
print(float(b * Fraction(1, 10) - a * idamewaa))
```

Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló wà láàárín a àti b. Ìlà àkọ́kọ́ á fún yín ní 0.999999, àṣìṣe tí kò tó mílímítà mẹ́ta lójú ọ̀run. Ìlà kejì, níbi tí a ti lo 0.1 tó péye fún b, tí a sì lo èyí tí wọ́n gé fún a, á fún yín ní 1.3433.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Láti já ọkọ̀ òfurufú lulẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Patriot. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó lè bá mísáìlì tó ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ jà, wọ́n kọ kóòdù tuntun tó ń ṣírò àkókò dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò fi sí gbogbo ibi tó yẹ. Onímọ̀ ìṣirò Robert Skeel ṣàlàyé rẹ̀ ní 1992. Àtúnṣe àbọ̀ ló dá ewu sílẹ̀: bí wọ́n bá fi àṣìṣe náà sílẹ̀ níbi gbogbo, kì bá má ṣe ìpalára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń tún kóòdù àtijọ́ ṣe, kó wá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pe ìṣirò náà kó tó pààrọ̀ ẹyọ kan.

Báwo ni ìyẹn ṣe sọ rédà di afọ́jú? Nígbà tí rédà bá rí ohun kan, kọ̀ǹpútà á fi eré rẹ̀ àti àkókò ṣírò ibi tó yẹ kó wà lẹ́yìn náà, á sì wo apá kékeré yẹn nìkan. Bí kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, á gbà pé ohun tó kọ́kọ́ rí kì í ṣe mísáìlì, á sì pa á tì. Ní Dhahran, ibi tí Scud kò sí ló ń wò.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa béèrè lẹ́yìn èyí

Ẹ béèrè iye wákàtí tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ náà wò láìpa á. Ẹ̀rọ alágbèéká ni wọ́n ka Patriot sí, tí á ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀ kó tó ṣí lọ síbòmíràn. Àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì ló kọ́kọ́ rí i, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, pé lẹ́yìn wákàtí 8, apá tí rédà ń wò ti yẹ̀ ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. GAO ṣírò pé bó bá dé ìdá 50, ìyẹn lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 20, ẹ̀rọ náà kò ní rí mísáìlì mọ́. Àwọn aláṣẹ ọmọ ogun Amẹ́ríkà tún kóòdù náà ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ní ọjọ́ 16. Ní ọjọ́ 21, wọ́n fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n má fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní títàn fún àkókò "tó gùn gan-an". Kò sẹ́ni tó kọ iye wákàtí sí i. Pípa á kí a sì tún un tàn ì bá tún aago náà bẹ̀rẹ̀ láti 0, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 90 lọ. Kóòdù tuntun dé Dhahran ní ọjọ́ 26, ọjọ́ kejì ikú àwọn ènìyàn náà. Bí ẹ bá ń kọ ìkìlọ̀ nípa ẹ̀rọ èyíkéyìí, ẹ kọ nọ́ńbà sí i.

Ìdánwò kan náà wúlò fún ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ wá iye bíìtì tí aago rẹ̀ ní àti bó ṣe ń lù, kí ẹ ṣírò ọjọ́ tí yóò kún. Bíìtì 32 tó ń ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá á kún lẹ́yìn ọjọ́ 49.7, ohun tó sì ń dá Windows 95 dúró nìyẹn. Bíìtì 31 tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún á kún lẹ́yìn ọjọ́ 248. Ní 2015, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa iná Boeing 787 pátápátá kó tó pé ọjọ́ 248 ní títàn, kí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ má baà kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹnìkan bá wá sọ iye ìgbà tí ohun ìjà kan ṣe àṣeyọrí, ẹ béèrè ohun tó kà. Ní oṣù Kejì 1991, ààrẹ George Bush sọ pé Patriot já Scud 41 gbà nínú 42. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gágun kan ṣàlàyé níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin pé ohun tí "jíjá gbà" túmọ̀ sí ni pé Patriot àti Scud kọjá lára ara wọn lófurufú. Nígbà tí GAO béèrè ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé orí mísáìlì náà (apá tí bọ́ǹbù wà) bàjẹ́, nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù.

Theodore Postol ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, àti George Lewis lo fídíò tẹlifíṣọ̀n láti fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì ní àṣeyọrí náà kéré púpọ̀. Àwọn alátakò wọn ní fídíò náà kò yára tó. Ẹ ṣírò èyí náà: irú fídíò bẹ́ẹ̀ ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Scud tó ń sá eré mítà 2,000 á sì rin mítà 67 láàárín àwòrán kan sí èkejì. Nítorí náà, iná tó bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Scud nínú fídíò kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé Patriot bà á. Ṣùgbọ́n bí fídíò kan náà bá fi Scud hàn bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn iná yẹn, tí orí rẹ̀ sì bú gbàù nílẹ̀, kò sí àìyára kámẹ́rà tó lè yí ìyẹn padà.