Bí ẹ ṣe lè fi fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ni láì tẹ òfin lójú

Ká ní ẹ̀kọ́ àṣà ni ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ JSS2 ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fojú rí bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, ṣe ń jó wọ Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Fídíò rẹ̀ pọ̀ jántirẹrẹ lórí YouTube. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní gbangba náà ní ẹni tó ni ín.

Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé òun ló yà á, àbí ti ẹlòmíì ló gbé? Bí àmì ilé-iṣẹ́ mìíràn bá wà ní igun fídíò, ẹ yáa sá fún un. Bí ẹni tó yà á bá kọ Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tí oníṣẹ́ ti fún gbogbo ayé ṣáájú, sínú àlàyé abẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ bùṣe: ẹ lò ó, kí ẹ ṣáà dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó tán fúnra yín, kí ẹ kọ ibi tí ẹ nílò sílẹ̀, bí 12:40 sí 16:05, níbi tí àwọn ìdílé Balógun ti ń gẹṣin bọ̀. Bí ẹ bá lò ó láì gbàṣẹ, òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ (Copyright Act) ti ọdún 2022 máa ń wo ohun tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ohun tí ẹ mú nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ó pa ọjà oníṣẹ́ lára. Fíìmù wákàtí méjì tí wọ́n fi dí àyè olùkọ́ tí kò wá síṣẹ́, àwíjàre rẹ̀ á le díẹ̀.

Fíláàṣì ni wàhálà. Dátà wọ́n, iná ò dúró, la bá fi áàpù kan wa fídíò jáde, a dà á sí fíláàṣì, ó di ti gbogbo ilé-ìwé. Ìlànà YouTube kò gbà bẹ́ẹ̀; wíwò tara ẹni ni wọ́n fàyè gbà, kì í ṣe gbígbé e síwájú èrò. Èyí tó dá mi lójú jù ni kí ẹ bèèrè. Àwọn tó ń ya òde báyìí sábà máa ń kọ nọ́ńbà WhatsApp sábẹ́ fídíò, torí iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fẹ́ fi bí ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú fídíò Ojúde Ọba yín han àwọn ọmọ kíláàsì mi. A ò ní gbowó, a ó sì dárúkọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè yọ̀ǹda rẹ̀, kí ẹ sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́?"

Bó bá gbà, ẹ tọ́jú ìdáhùn rẹ̀. Bí kò bá fèsì, ẹ má kà á sí pé ó gbà. Ẹ fi líǹkì ránṣẹ́ sí WhatsApp àwọn òbí, kí oníkálukú wò ó nílé.

Ní ti Netflix, ìkànnì tí a ń sanwó wo fíìmù lórí rẹ̀, "mo ń sanwó oṣooṣù" kò tó. Àwọn fíìmù kan wà, irú èyí tó ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ gidi hàn láìsí eré ṣíṣe (documentary), tí wọ́n yọ̀ǹda fún ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ wá orúkọ fíìmù náà lórí media.netflix.com, ẹ ó rí i bí àṣẹ bá wà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè fi hàn, láti orí àkáǹtì ẹni tó ń sanwó, láì gba owó ẹnu ọ̀nà; àpótí ọrẹ pàápàá kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.