Síkáànì Orí fún Àgbàlagbà Tí Ọwọ́ Wọn Ń Gbọ̀n: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹbí ní Àkúrẹ́

Bí ọwọ́ bàbá tàbí ìyá yín bá ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n gbé e lé itan lásán, tí ìrìn wọn ń falẹ̀, tí ara wọn sì ń gan, ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ sí ilé síkáànì. Dókítà ni kí ó kọ́kọ́ rí wọn, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn UNIMED ní Àkúrẹ́ tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání, títí kan èyí tí ẹ rà ní kẹ́míìsì, nítorí pé haloperidol tí à ń lò fún àìsàn ọpọlọ, àti metoclopramide tí à ń lò fún èébì, lè mú kí ara gan kí ó sì máa gbọ̀n bíi ti ẹni tó ní àìsàn Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó sì ń mú ìrìn falẹ̀.

Bí kò bá tíì yé dókítà tán bóyá Parkinson ni tàbí oògùn ló fà á ni síkáànì orí, èyí tí à ń fi ẹ̀rọ ultrasound ṣe, wúlò. Ní ọdún 1995 ni Georg Becker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì jẹ́ kó di mímọ̀ pé substantia nigra, ibi kékeré kan ní àárín ọpọlọ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine (èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara) wà, máa ń funfun ju bó ti yẹ lọ lójú ẹ̀rọ ultrasound nínú ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn yìí.

Irú ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún náà ni, kò sì ní ìtànṣán tó lè ṣe ara ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó bóyá ẹni tí yóò ṣe é ti kọ́ bí a ṣe ń wo ọpọlọ àgbàlagbà, nítorí pé ẹni tó mọ oyún wò dáadáa lè má mọ èyí rárá.

Àgbàlagbà náà yóò ṣí gèlè tàbí fìlà, wọn yóò sì fẹ̀yìn lélẹ̀. A kì í fá irun. A ó fi jẹ́ẹ̀lì pa ẹ̀bátí wọn, níwájú etí díẹ̀, níbi tí egungun orí ti fẹ́lẹ́. Òṣìṣẹ́ yóò wo inú orí jìn tó sẹ̀ǹtímítà 14 sí 16, yóò wá àárín ọpọlọ tó dúdú, tó sì rí bíi labalábá, yóò dá àwòrán dúró, yóò sì fi ìlà yí ibi tó funfun nínú rẹ̀ ká kí ẹ̀rọ lè ṣírò bó ti fẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe ẹ̀bátí kejì. Ibi púpọ̀ ń lo nǹkan bíi 0.20 cm² gẹ́gẹ́ bí ààlà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yàtọ̀ síra, nítorí náà ó yẹ kí ilé àyẹ̀wò ní òṣùwọ̀n tó bá ẹ̀rọ tirẹ̀ mu.

Ìtumọ̀ èsì ló gba sùúrù jù. Nǹkan bí ènìyàn 90 nínú 100 tó ní Parkinson ni a máa ń rí funfun yìí lára wọn, ṣùgbọ́n a tún ń rí i lára nǹkan bíi 10 nínú 100 tí ara wọn le. Bí oògùn ló fa gbígbọ̀n náà, ibẹ̀ kì í sábà funfun. Funfun náà kì í pọ̀ sí i bí àìsàn ṣe ń le, nítorí náà, ìnáwó lásán ni kí ẹ máa tún un ṣe lọ́dọọdún láti mọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Egungun orí àwọn mìíràn sì nípọn débi pé àwòrán kò ní hàn, pàápàá àwọn ìyá àgbà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé èsì pé òun kò lè rí ibẹ̀, kí ó má kọ ọ́ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìwé yìí àti àwòrán rẹ̀ ni kí ẹ gbé padà fún dókítà, kí àgbàlagbà sì máa lo oògùn wọn lọ títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀.