Fún Un Ní Àkísà Kó Fi Dánra Wò: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ̀dọ́langba Láti Yan Ohun Tó Máa Ṣe É Lóore

Ní àdúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, aláró kan wà tí kì í fún ọmọṣẹ́ tuntun ní aṣọ oníbàárà. Àkísà funfun ló máa ń fún un. Ọmọ náà á fi ìko dì í, á rì í sínú aró, á tú u, á rí i pé gbogbo ẹ̀ ti dàlù. Ìyá náà ò ní bínú. Á ní, "Mú òmíràn." Àkísà bíi mẹ́wàá máa ń bàjẹ́ kó tó jẹ́ kó fọwọ́ kan aṣọ gidi.

Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo, kò sì sẹ́ni tó ń kọ́ iṣẹ́ aró nílùú yìí nípa pé kó jókòó kí wọ́n máa wàásù aró fún un. Àmọ́ tó bá kan ọ̀rọ̀ oògùn olóró, ọtí, tẹ́tẹ́, ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, ìwàásù nìkan la máa ń ṣe. "Má ṣe o! Ṣé o gbọ́ mi? Má bá wọn rìn!" Ọmọ á ní òun ti gbọ́. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá wá na ike sí i lẹ́yìn ilé níbi òde, ọjọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ lanu sọ pé "mi ò mu" láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Aṣọ oníbàárà ló fi ń kọ́ṣẹ́ yẹn.

Bí èmi àti òbí mélòó kan ládùúgbò ṣe ń fún àwọn ọmọ wa ní àkísà ni mo fẹ́ kọ síbí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, to ọgbọ́n ìgbé-ayé sí mẹ́wàá ní 1993: ìpinnu ṣíṣe, wíwá ojútùú sí ìṣòro, mímọ ara ẹni, bíbá èèyàn sọ̀rọ̀, kíkó bí nǹkan ṣe ń rí lára ẹni níjàánu àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí mẹ́wàá yẹn dẹ́rù bà yín. Ẹ ó bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pàdé lójú ọ̀nà.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìjókòó

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló bá wa lára mu, lẹ́yìn tí wọ́n bá fọṣọ tán, kí iná tó dé. Bí iná bá ti dé, ara fóònù tí wọ́n fẹ́ chájì ni ọkàn gbogbo wọn á wà. Ọmọ márùn-ún sí méje ti tó. Ẹ má kó ọmọ ọdún 12 pọ̀ mọ́ ti ọdún 18, torí ẹ̀gbọ́n á máa sọ̀rọ̀, àbúrò á kàn máa wò ó lẹ́nu. Ẹ lo ìṣẹ́jú 40, kẹ́ ẹ tú ká.

Àgbà ni kó kọ́kọ́ sọ tiẹ̀, kì í sì í ṣe ìtàn bó ṣe gba ipò kìíní ní kíláàsì. Ìtàn tó ń tì í lójú ni. Èmi sọ ti ọ̀kadà. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 16, àwa mẹ́ta la gun ọ̀kadà kan láti oríta Ọláìyá, èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá. Mo mọ̀ pé kò dáa. Àwọn méjì tó kù ti gòkè, ẹnu mi wá wúwo láti sọ pé mi ò gùn ún. Mo ká ṣòkòtò sókè, mo fi àpá ẹsẹ̀ mi hàn wọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ ibi tó ti ń dùn wọ́n

Ẹ ya bébà wẹ́wẹ́. Kí oníkálùkù kọ ohun tí wọ́n máa ń fi lọ òun tàbí ibi tí ẹnu ti máa ń wúwo fún un, kó má kọ orúkọ sí i. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú igbá. Díẹ̀ rèé nínú ohun tó jáde nínú igbá tiwa:

"Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò máa ń ní kí n lọ bá òun ra sìgá, pé kí n mú ṣéńjì."

"Ọ̀rẹ́ mi ní ká fi owó lẹ́sìn ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, pé tá a bá jẹ ẹ́ a ó dá a padà."

"Ó ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́, pé tí òun bá ti wò ó tán òun á pa á rẹ́."

"Níbi àríyá, wọ́n ní júùsì ló wà nínú ike."

"Ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun, àlejò kan ní kí n mú òun rìn yíká ìlú, pé òun á fún mi lówó."

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, igbá Òṣogbo ló ti lè jáde. Lóṣù Ògọ́sì tí àlejò bá kún ìlú, kò sí ọmọ tó mọ ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun tí kò lè di amọ̀nà. Mi ò rí ohun tó burú nínú ẹ̀. Ohun tá a jọ fẹnu kò sí ni pé kí ọmọ tó gbéra, kí ẹnì kan nílé mọ ẹni tó bá lọ, ibi tí wọ́n ń lọ àti aago tó máa dé, kó má sì bá ẹnikẹ́ni wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ rí i pé èyí yàtọ̀ sí "má bá àlejò sọ̀rọ̀", tí ọmọ kankan nílùú yìí ò lè pa mọ́.

Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró

Apá iwájú ọpọlọ, tó máa ń bá èèyàn ro ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, kì í gbó tán títí èèyàn á fi tó nǹkan bí ọdún 25. Èyí tó ń wá ìgbádùn ti jí tipẹ́ ní tiẹ̀. Ojú ọ̀rẹ́ á tún wá dá kún un. Ní 2005, àwọn olùṣèwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Margo Gardner àti Laurence Steinberg, fi eré ọkọ̀ wíwà lórí kọ̀ǹpútà dán àwọn èèyàn wò. Àwọn ọ̀dọ́langba tí ẹgbẹ́ wọn ń wò fi ara wewu ju àwọn tó dá jókòó lọ. Ní ti àwọn tó ti dàgbà, wíwà tí ẹlẹgbẹ́ wọn wà níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí wọn padà. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ọmọ tó gbọ́n nílé tó sì ya wèrè níta ń tàn yín jẹ. Ọmọ kan náà ni, ojú tó ń wò ó ló yàtọ̀.

Kí oníkálùkù yan ohun tí á jẹ́ kó rí ìṣẹ́jú kan gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹlòmíì á tún okùn bàtà dì. Ẹlòmíì á ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kó bi ara ẹ̀: Kí ni wọ́n ní kí n ṣe gan-an? Ta ni èrè ẹ̀ máa lọ bá? Bí màmá mi bá yọ báyìí, ṣé màá ṣì dúró síbí? Ọmọ ọdún 13 kan ló mú ìkẹta yẹn wá. Mo ti kọ ìbéèrè gígùn kan síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo pa á rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹnu mọ̀ ọ́n

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá máa fo gbogbo ìyókù, ẹ má fo èyí.

Ẹ mú bébà kan nínú igbá, kí ẹni méjì dìde. Ẹni tẹ́nu ẹ̀ mú jù ni kó ṣe ẹlẹ́tàn, kó má sì fi ojú àánú ṣe é. Kó sọ ohun tí wọ́n ń sọ níta: "Ará oko ni ẹ́ o." "Ọmọ màmá!" "Ẹyọ kan péré, kí ló máa ṣe ẹ́?" "Ṣé a kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́ ni?" Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa rín títí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Nígbà kejì, ẹ ó rí i pé ẹni tí wọ́n ń tàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: "Mi ò lè mu ún torí pé màmá mi máa bínú, torí pé mo ní ìdánwò lọ́la." Ẹlẹ́tàn á gba àlàyé yẹn mú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Màmá ẹ ò sí níbí." "Ìdánwò dà, ṣé kì í ṣe ọ̀la ni?" Láàárín ìṣẹ́jú méjì, àlàyé á tán, ọmọ á sì gba ike.

Ẹ wá dá wọn dúró, kẹ́ ẹ béèrè ibi tó ti bàjẹ́. Àwọn fúnra wọn á sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún un ṣe, àmọ́ gbólóhùn kan péré ni: "Mi ò mu." Bí ẹlẹ́tàn bá tún bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan náà, ohùn kan náà, kó má fi kún un. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó máa lọ. Ẹsẹ̀ náà mọ rárá sọ. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n dá lápàárá lè fi àpárá yọ ara ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé, "Bọ̀bọ́, ikùn mi kì í gba ohun tí mi ò mọ ẹni tó sè é," gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ẹlẹ́tàn fúnra ẹ̀ ò rí nǹkan sọ mọ́.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an. A ti kọ́ ọmọ Yorùbá pé àgbà kì í pè kó má jẹ́, àgbà kì í rán an níṣẹ́ kó kọ̀. Tí ẹlẹ́tàn bá wá jẹ́ àgbà ńkọ́? Ẹ kọ́ wọn pé èèyàn lè wà lórí ìkúnlẹ̀ kó sì kọ̀: "Ẹ má bínú, sà, mi ò lè bá yín ra sìgá." Ẹ jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n sì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ fífọwọ́ kan ara kò sí nínú èyí o. Níbẹ̀, kò sí sà, kò sí mà, ì báà jẹ́ bùọ̀dá, áńtì tàbí àlùfáà. Kó pariwo, kó sá, kó wá sọ.

Ọmọ tí kò lè sọ fún ìyá ẹ̀ pé òun ti yó, níbo ló ti máa rí ẹnu sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́? Mo mọ̀ pé èyí máa ń bí òbí nínú. Ó bí èmi náà nínú. Àmọ́ ní báyìí, bí ọmọ mi bá fi ọ̀wọ̀ sọ pé òun ò fẹ́ ẹ̀bà kejì, mo ń gbé e kúrò níwájú ẹ̀.

Ẹ tún jọ yan àmì kan tó máa fi pè yín. Tiwa ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti gbé ẹ̀wà kaná?" Tí mo bá ti gbọ́ ọ lórí fóònù, màá fi ìbínú pariwo pé kó wálé kíákíá, kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ lè gbọ́, màá sì gbéra lọ mú un. Kò sí ìbéèrè kankan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ máa pa ìlérí yẹn mọ́ o. Ẹ̀ẹ̀kan péré tẹ́ ẹ bá bú u lójú ọ̀nà, kò tún ní pè mọ́.

Òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ nípa oògùn

Bí ẹ bá sọ fún ọmọ pé ẹni tó bá fa igbó lẹ́ẹ̀kan á ya wèrè lọ́jọ́ kan náà, tó sì mọ ọmọ kíláàsì ẹ̀ tó ń fà á tí kò ya wèrè, ọ̀rọ̀ yín ti tán lójú ẹ̀, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Oògùn ìrora ni tramadol. Tó bá pọ̀ lára, ó lè fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró, pàápàá tí wọ́n bá fi ọtí lé e. Ohun tí wọ́n ń pè ní kólórádò kì í ṣe igbó lásán, kẹ́míkà ni wọ́n fín sára ewé, kò sì sẹ́ni tó mọ bó ṣe le tó nínú èyí tó mú lọ́wọ́. Láti oṣù Karùn-ún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ tó ní codeine àti kíkó o wọlé. Nítorí náà, kí ọmọ bi ara ẹ̀ léèrè ibi tí èyí tí wọ́n ń tà fún un ní kọ̀rọ̀ ti wá.

Kí wọ́n tún mọ ohun tí wọ́n máa ṣe bí ọ̀rẹ́ bá ṣubú lulẹ̀: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má bàa há a lọ́fun, ẹ má rọ epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó mu. Ẹ fi ọmọ tó kéré jù dán an wò lórí ẹní.

Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀

Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún obìnrin, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọkùnrin, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pa wọ́n pọ̀. Ẹ pe nǹkan lórúkọ. Oyún lè dúró nígbà àkọ́kọ́. Fọ́tò tó bá ti kúrò lórí fóònù ẹni, kò sí ohun tí "màá pa á rẹ́" lè ṣe sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá fipá bá ọmọ lò, kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn láàárín wákàtí 72, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Bó bá ṣe yá sí ló ṣe dáa sí. Kí ọmọ sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín ṣáájú pé ẹ̀bi ẹ̀ kọ́.

Oúnjẹ, oorun, owó

Èyí ò gba àríyànjiyàn. Ẹ mú ìgò mínírà kan, kí wọ́n ka iye gíráàmù ṣúgà tó wà lára ẹ̀, kí wọ́n fi 4 pín in. Iye ṣíbí tíì tó bá jáde, kí wọ́n wọn ṣúgà ní iye yẹn sínú àwo, kí wọ́n wò ó. Wákàtí 8 sí 10 lóru ni oorun ọmọ ọdún 13 sí 18, fóònù á sì sùn ní pálọ̀, ti bàbá náà kò gbẹ́yìn.

Owó ni àkísà tó dáa jù. Ẹ fún un ní owó oúnjẹ ilé-ìwé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá fi ná gèémù tàbí súyà, tó tán lọ́jọ́ Wẹsidé, gààrí wà nílé, kó dì í dání. Ẹ má fi kún un. Ìyá ló máa ń ṣòro fún jù, mo ti rí ẹni tó ń yọ́ owó sápò ọmọ lóru.

Bó bá kùnà

Á kùnà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "Níbo lọ̀rọ̀ ti yí?" Ẹ jẹ́ kó ṣe ìran náà fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ wá jọ tún un ṣe láti ibi tó ti yí. Tó bá jẹ́ pé ó ti ń lò ó déédéé, tí kò lè dá a dúró, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti igbá, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ẹ sì máa pààrọ̀ bébà inú igbá. Ní Sátidé tó kọjá, mo ṣe ẹlẹ́tàn, mo ní "Ará oko ni ẹ́ o," wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo na bébà sí wọn pé kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n ń sọ báyìí.