Fíllà ara mọ́tò: kí ló dé tí kò gan, kí ló dé tó ń bó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ṣàgámù ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò. Láàárọ̀ ni mo fi fíllà, ohun rírọ̀ bí amọ̀ tí à ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò, dí ihò kékeré kan lára ilẹ̀kùn, ìrọ̀lẹ́ dé, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé kí n sá a sóòrùn?

Ìdáhùn: Hádúnà, èròjà tí à ń pò mọ́ fíllà, ló ń mú un gan. Bó bá kéré jù, tàbí tí o kò pò ó dọ́gba, oòrùn ọ̀la náà kò ní ràn án. Ha gbogbo rẹ̀ kúrò, fi tínà nu irin náà, má lẹ tuntun lé e lórí. Giramu 2 hádúnà ló máa ń bá giramu 100 fíllà lọ. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, fíllà tó tó ẹyin adìyẹ, hádúnà tó tó hóró ẹ̀pà méjì. Pò ó títí àwọ̀ rẹ̀ á fi di ọ̀kan. Má sì torí ìkánjú sọ ọ́ di mẹ́rin, àwọ̀ hádúnà á yọ lójú ọ̀dà.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Wọ́n dí ihò tó wà lókè táyà ẹ̀yìn mọ́tò mi kí Ojúde Ọba tó dé, ó ń dán bíi dígí. Òjò oṣù mẹ́ta péré, ibẹ̀ wú, ó sì ń bó. Ṣé ayédèrú fíllà ni wọ́n lò?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ lé lórí? Inú ibẹ̀ ni táyà ń ta ẹrọ̀fọ̀ sí. Ìpẹtà tí wọ́n bá fi fíllà bò kò dúró, á máa jẹ irin lọ lábẹ́ ni. Fíllà pàápàá ń fa omi. Bí ihò bá ti la irin já, ẹ̀yìn tí ọ̀dà kò dé ni omi ń gbà wọlé. Iṣẹ́ wẹ́dà nìyẹn. Kí wọ́n gé ibi tó ti jẹrà, kí wọ́n jó páànù mọ́ ọn, kí fíllà fẹ́lẹ́ tó wá tẹ́jú rẹ̀. Kí wọ́n kùn ún nínú náà.

Èmi náà ti fi fíllà bo ìpẹtà rí, torí oníbàárà ń kánjú, ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó padà wá, mo tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀, ojú sì tì mí gidi. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bínú sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò dá a lẹ́bi.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, èmi ará Ṣàgámù yẹn ni. Ó ti gan, àmọ́ tí mo fi sanpépà ha á, ihò wínníwínní ló kún ojú rẹ̀.

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ ni. Má rò ó bí ẹni ń ro àmàlà; máa fi síkírépà tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ lórí páànù tí o ti ń pò ó. Po díẹ̀ sí i, tẹ̀ ẹ́ wọnú àwọn ihò náà, ọ̀dà kò lè dí wọn. Tó bá gan, gbígbẹ ni kó o ha á, má fi omi sí i.