Bá A Ṣe Ń Yan Orúkọ Domain Tí Etí Á Gbọ́ Tí Ọwọ́ Ò Ní Ṣì Tẹ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ní wẹ́bsáìtì tèmi, nǹkan bíi wákàtí kan péré ni mo fi yan orúkọ ẹ̀, mo wá fi ọdún mẹ́ta gbáko ṣàlàyé orúkọ yẹn fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Orúkọ tí mo fẹ́ gan-an, ẹlòmíì ti gbà á, inú bí mi, mo bá ki dáàṣì sáàárín ẹ̀, mo fi nọ́ńbà 1 sí ìdí ẹ̀, mo ní ó parí. Tí mo bá wá ń pè é fún ẹnì kan lórí fóònù báyìí, á di "rárá o, ìlà kékeré ni, ti àárín o, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀, ẹ wá fi 1 sí i, nọ́ńbà ni, ẹ má kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀." Àwọn míì nínú wọn á tún já sọ́dọ̀ ẹni tó ni orúkọ tí kò ní dáàṣì. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni mo ń bá polówó ọjà.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé etí ló yẹ kéèyàn fi yan domain, ìyẹn orúkọ táwọn èèyàn ń tẹ̀ kí wọ́n tó dé wẹ́bsáìtì ẹni, kì í ṣe ojú. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ wo ni ò dáa? Àmọ́ ẹnu ló máa gbé e kiri, ẹnì kan á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan, á wá lọ tẹ ohun tó rò pé òun gbọ́. Torí èèyàn náà ni wọ́n dẹ̀ ṣe dá a sílẹ̀, nọ́ńbà làwọn kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn, ọdún 1983 ni wọ́n gbé ètò DNS jáde kéèyàn lè máa lo orúkọ dípò kó máa há nọ́ńbà sórí. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1985 ni wọ́n forúkọ .com àkọ́kọ́ sílẹ̀, symbolics.com, láti ìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ kúkúrú tó dùn lẹ́nu ti tán, orí yín ò burú o, ẹ kàn pẹ́ dé ni.

Bá a ṣe máa ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mú bébà àti bírò. Ẹ kọ orúkọ bí ogún sílẹ̀, ẹ má tíì lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹnì kan ti gbà á, torí tẹ́ ẹ bá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti orí ẹyọ kan, inú á bí yín bó ṣe bí mi, ìbínú á wá bá yín yan orúkọ. Orúkọ yẹn lè sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ní tààrà, ó lè jẹ́ orúkọ yín gan-an tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin alára ni wọ́n ń wá bọ̀, bíi òǹkọ̀wé tàbí ayàwòrán, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín tí kò nítumọ̀ níbì kankan. Èyí tó sọ iṣẹ́ máa ń tètè yé èèyàn, àmọ́ bàtà ọmọdé ni, ẹsẹ̀ á dàgbà, bàtà ò ní dàgbà. Ẹ wo Amazon, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, ká ní wọ́n fi ìwé sínú orúkọ yẹn ni, báwo ni wọn ò bá ṣe ta gbogbo nǹkan tí wọ́n ń tà lónìí? Cadabra ni Jeff Bezos tó dá a sílẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́, lọ́yà ẹ̀ gbọ́ ọ lórí fóònù, ó gbọ́ "cadaver", òkú èèyàn nìyẹn lédè Òyìnbó. Ṣé ẹ rí i? Etí náà ni.

Ẹ má jẹ́ kó gùn. Ètò DNS gbà kí èyí tó wà ṣáájú dọ́ọ̀tì gùn tó lẹ́tà 63, àmọ́ ta ló fẹ́ fi àtàǹpàkò tẹ lẹ́tà 63? Tèmi kì í fẹ́ kọjá 15. Lẹ́tà a dé z, nọ́ńbà 0 dé 9, àti dáàṣì ni wọ́n máa ń gbà, dáàṣì ò dẹ̀ lè wà níwájú tàbí lẹ́yìn pátápátá. Lẹ́tà ńlá àti kékeré, ọ̀kan náà ni.

Ó wá ku ibi tó dùn jù fún àwa tá a fẹ́ fi Yorùbá sọ orúkọ: ẹ bọ́ gbogbo àmì kúrò lára ẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kẹ́ ẹ wá kà á bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ká ní ẹnì kan fẹ́ máa ta ọkọ̀ tuntun, ó ní òun á sọ ìkànnì òun ní Ọkọ̀ Tuntun. Lórí bébà, ó dáa gan-an. Ní domain, ó di okotuntun. Ẹni tó ń wá ọkọ tuntun á sáré wọlé, àgbẹ̀ á rò pé oko tuntun ni wọ́n ń há fún èèyàn, tàbí ọkọ́ tuntun, ó dẹ̀ tún ku ìtumọ̀ kan tí mi ò ní kọ síbí, ṣebí ẹ gbọ́ Yorùbá. Iletita náà ńkọ́? Ṣé ilé ni wọ́n ń tà àbí ilẹ̀? Iseowo, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni àbí iṣẹ́ owó? Sípẹ́lì náà tún wà ńbẹ̀ o, bí ẹnì kan bá pe iléèwé fún yín, ṣé ileewe lẹ máa tẹ̀ ni àbí ileiwe? Èèyàn mẹ́wàá, ọ̀nà méjì. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ nígbà tí àmì bá kúrò lórí ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ máa wá.

Ẹlòmíì á ní ṣebí èèyàn ti lè fi ẹ àti ọ sínú domain báyìí. Òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe láwọn ibì kan, àmọ́ lẹ́yìn ilé, kọ̀ǹpútà á yí i padà sí nǹkan rádaràda kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, tẹ́ ẹ bá fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ séèyàn, nígbà míì bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa hàn, á dà bíi ti àwọn oníjìbìtì. Kíbọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ èèyàn ò dẹ̀ ní ẹ. Èmi ò ní fi ṣe orúkọ tí mo gbójú lé, ká sòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá ṣẹ́kù, ẹ wá pe èèyàn márùn-ún lórí fóònù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wọn o, ẹ pè é lẹ́nu, lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ní kí wọ́n tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ padà sí yín. Ẹ fi ẹnì kan tó ti dàgbà díẹ̀ kún wọn, ẹ fi ẹni tí kò gbọ́ èdè tẹ́ ẹ fi sọ ọ́ kún wọn tó bá jẹ́ pé ẹ ń retí irú wọn. Bí ẹni méjì bá tẹ̀ ẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, ẹ fagi lé e. Ó máa dùn yín, pàápàá tó bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù, ẹ ṣáà fagi lé e.

Ó wá kan ohun tó ń bẹ lẹ́yìn dọ́ọ̀tì. Bí .com orúkọ yín bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ mú un, torí .com lọwọ́ èèyàn máa ń tẹ̀ láìronú. Bí ẹlòmíì bá ni .com yẹn tó dẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tó jọ tiyín, ẹ wá orúkọ míì, ẹ má torí .net bá a jà. .org náà dáa fún ẹgbẹ́ àti àjọ. Àwọn onílẹ́tà méjì ni kẹ́ ẹ fojú sí dáadáa, torí ti orílẹ̀-èdè tàbí agbègbè kan ni wọ́n, .tv tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n yẹn, ti Tuvalu ni, .ai jẹ́ ti Anguilla, .co jẹ́ ti Colombia. Òfin ibi tó ni ín ló máa bá a lọ. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ni .eu, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni .eu wọn bọ́ lọ́wọ́ wọn ní 2021, nítorí wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́. .yu ti Yugoslavia, orílẹ̀-èdè tó ti pínyà, pàápàá, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò pátápátá láti 2010. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á, mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ ilé ẹni tẹ́ ẹ̀ ń gbé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wádìí ìgbésí ayé orúkọ yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí Google. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí Wayback Machine lórí web.archive.org, ẹ máa rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹnì kan bá ti lò ó rí, torí domain tí wọ́n fi ta tẹ́tẹ́ tàbí tí wọ́n fi lu jìbìtì tẹ́lẹ̀ lè bá yín mú ìbàjẹ́ ẹ̀ wọlé. Ẹ wò ó bóyá kì í ṣe trademark ẹlòmíì, ìyẹn orúkọ ọjà tí òfin dáàbò bò fún ẹni tó ni ín, nítorí láti 1999 ni ICANN, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ domain, ti ní ètò tí onítrademark lè fi gba domain padà láìdé kóòtù. Ẹ wá a lórí Facebook àti Instagram náà, kó má lọ jẹ́ pé orúkọ yín lórí wẹ́bsáìtì ọ̀tọ̀, ti ibòmíì ọ̀tọ̀.

Ó ku rírà. Ká má purọ́, a ò ra domain rí, à ń háyà ẹ̀ ni, ọdún kan ó kéré tán, ọdún mẹ́wàá ló pọ̀ jù fún .com. Iye tí iléeṣẹ́ tó ń tà á máa kọ gàdàgbà fún yín, ti ọdún àkọ́kọ́ ni, ẹ wá iye tẹ́ ẹ máa fi rínúù ẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí. Àkáǹtì yín ni kẹ́ ẹ fi rà á, orúkọ yín, ímeèlì yín. Mo mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá a ṣe wẹ́bsáìtì ló rà á sórúkọ ara ẹ̀, ìjà dé, domain ò dé mọ́. Ẹ tan rínúù aládàáṣe, ẹ tan ìdáàbòbò tó máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ímeèlì tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó wà lórí domain yẹn gan-an, nítorí bó bá kú, ibi tí wọ́n máa fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ti kú pẹ̀lú ẹ̀ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá sanwó tán, wọ́n lè fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí ímeèlì yẹn pé kẹ́ ẹ fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ọjọ́ 15 ni wọ́n ń fúnni, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lè pa domain náà, wẹ́bsáìtì yín á kàn ṣókùnkùn lójijì. Ẹ lọ wò ó nísinsìnyí, ẹ wo inú spam náà.