Dísìkì kọ̀ǹpútà ń kú lọ: ìbéèrè tí ẹ ń gbé wá bá mi l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo)

Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ò tàn mọ́. Ṣé fáìlì mi ti lọ nìyẹn?
Ẹ kọ́kọ́ yẹ ṣájà wò. Ó ṣeé ṣe kí dísìkì má ní àìsàn kankan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn.

Mo ṣèèṣì pa fọ́tò rẹ́ ńkọ́?
Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ sórí dísìkì náà mọ́. Bí ó bá jẹ́ SSD (dísìkì tí nǹkankan kì í yí nínú ẹ̀), ẹ pa kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀. SSD fúnra ẹ̀ ló máa ń nu ibi tí fáìlì wà tẹ́lẹ̀.

Windows ń bi mí pé «Voulez-vous le formater ?» (ṣé kí n nu dísìkì yìí, kí n tò ó lákọ̀tun?)
«Annuler» (fagi lé e) ni kí ẹ tẹ̀. Mo ti sọ èyí títí ó fi sú mi. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi chkdsk, ètò Windows tó ń yẹ dísìkì wò, «tún un ṣe». Ètò dísìkì nìyẹn ń tò, kì í gba fáìlì là, ó sì lè sọ fáìlì tó ṣì ṣeé yọ di àfọ́kù.

Ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́.
Ẹ pa á. Àwo inú dísìkì ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tó ń ka nǹkan ojú ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fara kàn án. Bí ó bá ti ń ha á, fọ́tò yín ló ń ha lọ yẹn. Fírísà tí àwọn kan ń gbé e sí kì í ṣe oògùn ẹ̀. Ẹ má ṣí i nílé, eruku á wọ̀ ọ́.

Ó ń hàn, ó tún ń pòórá.
Mo fojú rí màbo lórí èyí. Arákùnrin kan gbé tirẹ̀ wá láti Kétu. Ohùn bàbá olórin ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Bàbá ti di olóògbé, kò sì sí ẹ̀dà níbòmíràn. Orí zemijan (ọ̀kadà) ló gbé e lé láì pa á, ọ̀nà sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì.

Mo so ó mọ́ USB, ó hàn. Mo ní kí n máa kó fáìlì, ó dákẹ́, ó pòórá. Mo pààrọ̀ okùn, ibì kan náà ni. Mo wá gbé e sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, níbi tí iná ti ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tààrà lójú SATA, ìyẹn ojú tí wọ́n ń so dísìkì mọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Kò pòórá mọ́, àmọ́ Windows ń há síbi tó bàjẹ́, ó ń ka ibẹ̀ lákàtúnkà. Ni mo bá tan Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, láti orí clé USB (fíláàṣì), mo lo ddrescue, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dísìkì tó ń bàjẹ́. Ibi tó rọrùn ló kọ́kọ́ ń kó, á fo ibi líle, á padà síbẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó tún ń kọ ibi tó dé sínú fáìlì kékeré kan. Iná lọ nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀, bí iná ti dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Mo kọjú fáànù sí dísìkì náà. Bí ó bá gbóná, mo pa á kó tutù. Inú ẹ̀dà tí mo ṣe ni mo ti wá yọ fáìlì. Ohùn bàbá jáde. Ó ń já níbì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ orin náà dópin.

Ṣé èmi náà lè ṣe é?
Bí kò bá dún kẹ́kẹ́kẹ́, tí ẹ sì ní dísìkì òfìfo tó tóbi tó o. Ẹ wo orúkọ dísìkì méjèèjì dáadáa kí ẹ tó tẹ Enter: bí ẹ bá fi òfìfo ṣáájú, òfo lẹ máa kọ lé fáìlì yín lórí. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í pé orí kí ló máa ṣe ẹ̀dà sí kó tó fọwọ́ kan nǹkankan. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ gba dísìkì yín lọ́wọ́ ẹ̀.